Ewé Ìwé Tí Asiata Mu

Òwú àràbà ni Asiata ń kì bọ inú tìmùtìmù lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, orin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà wo ni orin kì í sí lẹ́nu Asiata? Bó bá ń gbálẹ̀, orin ni. Bó bá ń da àgbàdo fún adìẹ, orin ni. Kódà bó bá ń bá ẹnì kan jà, àárín èébú ni orin á ti já jáde, ẹni tí wọ́n jọ ń jà á bú sẹ́rìn-ín, ìjà á sì tú ká láìsí onílàjà. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ehín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ, ó sì máa ń sọ pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ohùn òun ráyè jáde.

Safiyat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Ìjàgbò, ló gun ọ̀kadà dé. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó ti ń pariwo.

"Asiata! Wọ́n fẹ́ wá ya ìwé Baba ní fọ́tò!"

"Ta ló fẹ́ yà á?"

"Bíọ́lá ọmọ Tíṣà Jacob, èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ìwé sí ní yunifásítì Ìlọrin. Wọ́n ní kámẹ́rà rẹ̀ kì í lo fíìmù rárá. Inú kọ̀mpútà ló ń kó fọ́tò lọ. Wọ́n ní bí ikán bá jẹ ìwé ọ̀hún tán pátápátá, ìwé á ṣì wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ wa á máa kà á. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ nílé Sàláwù àbúrò wa."

Ọdún 1999 ni, ọ̀rọ̀ kọ̀mpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹnu àwọn ará Ọ̀fà ni. Asiata ò mọ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ikán ń ṣe. Ó gún abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìborùn, ó nà dìde, ó sì jó yí Safiyat ká lẹ́ẹ̀kan.

"Alihamudulilahi! Ewé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á wọ kọ̀mpútà!"

Safiyat bojú wo ilẹ̀. "Sàláwù ní mẹ́jọ ni."

"Mẹ́jọ bíi ti báwo? Mẹ́sàn-án ni Baba kọ."

"Má bá mi jà o, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ó ní ewé tìrẹ kì í ṣe ìwé mọ́. Ó ní bébà lásán ni."

Orin kúrò lẹ́nu Asiata. Safiyat tó bá a dàgbà mọ̀ pé ohun tó dùn ún nìyẹn, torí èébú kì í mú un dákẹ́, ebi kì í mú un dákẹ́, wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ó kọrin tẹ̀ lé e dé ibojì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ewé náà rèé. Àáfà Búsẹ̀rí, baba wọn, kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohùn, ó sì ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Ó kọ wákà gígùn kan ní anjẹmi: èdè Yorùbá ni, ọwọ́ Lárúbáwá ni ó fi kọ ọ́, pẹ̀lú kálámù igi àti tàdáwà tó fúnra rẹ̀ sè. Kò rán àwọn ewé rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà láyè ara rẹ̀ nínú àpò awọ. Obìnrin ló sì ń bí ṣáá, àfi ìgbà ogbó tí ìyàwó kékeré bí Sàláwù fún un. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ kan bá wá ń lọ sílé ọkọ, Baba á fa ewé ìwé kan yọ, á kì í sáàárín aṣọ ẹrù rẹ̀.

"Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin mi tán," á sọ, "àfi kí ẹ wá sọ́dọ̀ ara yín."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní gbogbo Móólúdì, wọ́n á ti Ìjàgbò wá, wọ́n á ti Òjòkú wá, oníkálukú á gbé ewé rẹ̀ sí itan, á kọ tirẹ̀. Ẹnì kan kì í gba orin ẹlòmíràn kọ. Wọn ò lè kà á, wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré, ṣùgbọ́n ewé gbọ́dọ̀ wà lórí itan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ewé rẹ̀ á padà sínú àpò awọ nílé, lọ́dọ̀ Sàláwù, tó ti di Àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Báyìí, Safiyat àti Asiata nìkan ló kù.

Ewé Asiata wá ni ìyọnu. Gbogbo àdúgbò ọkọ rẹ̀ ló mọ ìtàn yẹn, òun náà sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Nígbà tó rọbí àkọ́bí rẹ̀, ọmọ kọ̀, kò wá. Wọ́n ní kí àáfà kọ ẹsẹ Kùránì sí wàláà kí wọ́n fọ̀ ọ́ fún un mu, àáfà ti lọ sóko. Ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá ṣí àpótí, ó rí ewé ìwé tí ọwọ́ Lárúbáwá wà lára rẹ̀ fọ́fọ́. Kí ni ìyá àgbà náà ń wá tó jùyẹn lọ? Ó gbé e lé orí àwo tánganran, ó da omi sí i lára díẹ̀díẹ̀, tàdáwà sì ń ṣàn bọ́ bí omi aró. Asiata rí i. Ó mọ̀ pé wákà ni, kì í ṣe Kùránì. Ó mọ̀ pé apá ibi tí Baba ti ń fi alájẹkì ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ṣàlàyé nígbà tí ọmọ ń fa ìbàdí ya? Ó gbé àwo, ó mu ún. Omi náà kò tíì kọjá ọ̀nà ọ̀fun tí Lukman fi bọ́ sílẹ̀, tó ń ké.

Lukman jẹ ọmú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti àbúrò, ó jẹ ti àlejò. Ó ti tó bàbá àgbà báyìí, ó ń tún rédíò ṣe létí stéṣọ̀n rélùwéè, gbogbo olóúnjẹ ibẹ̀ ló sì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí Asiata bá rí i nídìí abọ́, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti mu orin rẹ̀ kí n tó bí i."

Inú gbogbo èèyàn ló ń dùn sí ìtàn yìí, àfi Sàláwù. Ọjọ́ tó gbọ́ ọ ló ti sọ pé ewé yẹn kò gbọdọ̀ wọ àpò awọ Baba mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Asiata gbé agolo bisikíìtì tí ewé náà wà nínú rẹ̀, ó fi ìborùn dì í, ó ki tìmùtìmù kékeré méjì sábẹ́ apá, torí kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ tó ń ya egungun èèyàn láti ìta awọ. Ẹ̀rọ tó lè rí egungun, ṣé tàdáwà ni kò ní rí?

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sàláwù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bíọ́lá ti tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, ó fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé kámẹ́rà dúró, kámẹ́rà sì ń wo ilẹ̀ bí àgbébọ̀ adìẹ tó rí kòkòrò. Ọmọbìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ gíláàsì, ó sì jọ Tíṣà Jacob baba rẹ̀ débi pé Asiata fẹ́ẹ̀ bá a wá bébà àti ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ káàárọ̀, Mama," Bíọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sín o. Bí ẹ bá fẹ́ sín, ẹ bọ́ síta."

"Imú mi kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ Tíṣà."

Òótọ́ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sín. Àwọn ewé náà ti gbẹ, etí wọn ń rún bí èpo ẹ̀pà. Sàláwù ló ń ti káádì pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, tó ń rọra gbé e láti inú àpò sórí tábìlì, ó fi etí láwàní bo ẹnu kí èémí rẹ̀ má bàa fẹ́ ẹ. Bíọ́lá á tẹ nǹkan kan, kámẹ́rà á ké "kírí-kírí-kírí" bí eku nínú àpótí. Lẹ́yìn ewé mélòó kan, á fa pátákó kékeré pẹlẹbẹ kan jáde ní ìhà kámẹ́rà, á ki òmíràn bọ̀ ọ́.

"Kí nìyẹn ń jẹ?" Asiata bèèrè.

"Díìsì ni, Mama. Inú rẹ̀ ni fọ́tò ń lọ."

"Á á! Kò jẹun tó Lukman."

Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni ewé Safiyat wá fún wọn níṣòro. Ó ti ká róbótó láti ọdún tó ti wà nínú àpótí, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, á kán. Bíọ́lá dúró, ó ń fi ìka gbá àgbọ̀n. Ni Asiata bá gbé tìmùtìmù kan kalẹ̀.

"Gbé e lé èyí. Òwú àràbà ni, á gbà á bó ṣe rí."

Bíọ́lá fi aṣọ dúdú bo tìmùtìmù náà, wọ́n gbé ewé lé e, ó sì sùn síbẹ̀ bí ọmọ tuntun. Kírí-kírí-kírí. Safiyat pàtẹ́wọ́, wọ́n lé e jáde kí afẹ́fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má bàa gbé ewé lọ.

"Ó parí," ni Sàláwù wí, ó ń di okùn àpò awọ. "A dúpẹ́, Bíọ́lá. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san."

"Kò tíì parí," ni Asiata wí, ó sì gbé agolo rẹ̀ ka orí tábìlì.

Sàláwù mí kanlẹ̀. "Ìyá Lukman, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni ẹ jọ̀ọ́? Mẹ́sàn-án ni Baba kọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀."

"Mẹ́sàn-án ló kọ, ẹ mu ọ̀kan. Mélòó ló kù?"

Bíọ́lá yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Asiata náà ì bá rẹ́rìn-ín bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn.

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ni mò ń ṣe," Sàláwù tún ohùn rẹ̀ ṣe. "Wọ́n á kọ orúkọ Baba sí ohun tó ń lọ yìí. Àwọn tí a ò mọ̀ á máa kà á. Ohun tí Baba fọwọ́ kọ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ewé tiyín kò ní ohun kan lára. Ẹ ó sì ní kí n kọ ohun tó wà lẹ́nu yín, ẹnu yín náà ni mo sì mọ̀! Mo ń gbọ́ yín ní Móólúdì. Ọdọọdún ni ẹ ń fi iyọ̀ sí i. Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti Baba àti èyí tó jẹ́ tiyín?"

Òótọ́ wà níbẹ̀, Asiata sì mọ̀ ọ́n. Ó kọjú sí Bíọ́lá.

"Ọmọ Tíṣà, ẹ̀rọ rẹ máa rí i. Ẹ̀rọ tó ń rí egungun."

"Mama, ti ọsibítù nìyẹn. Èyí kì í..." Bíọ́lá wo ojú ìyá àgbà náà, kò parí rẹ̀. "Àáfà, ẹ jẹ́ kí n wò ó. Wíwò kì í bàjẹ́."

Wọ́n gbé ewé náà sórí tìmùtìmù. Funfun ni, tòun ti àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ní igun kan. Kírí-kírí. Ojú gíláàsì kékeré kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà tí fọ́tò ń yọ sí. Asiata ti orí bọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìborùn rẹ̀ bo ojú Bíọ́lá. Ohun tó rí kò yàtọ̀ sí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí tàdáwà, kò sí Baba.

Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń fọn fèrè wọ stéṣọ̀n. Sàláwù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ṣe nǹkan kan, kó bú òun, kó tiẹ̀ kọrin èébú, kí ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí sáà lè lọ.

"Mama, ẹ dìde níbẹ̀ díẹ̀," ni Bíọ́lá wí. "Ẹ ń dí oòrùn."

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí ilẹ̀. Bíọ́lá gbé tìmùtìmù àti ewé papọ̀, ó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ níbi tí oòrùn náà ti ń kọjá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ó yí i díẹ̀, ó tún yí i. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó dojú délẹ̀ pátápátá bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Àáfà," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ wá wo ibí."

Sàláwù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú sí i, ó kúnlẹ̀. Omi ti wẹ tàdáwà lọ, ṣùgbọ́n ẹnu kálámù ti gbẹ́ ojú bébà. Níbi tí ọwọ́ Baba ti tẹ̀ ẹ́, kòtò tín-ín-rín kan wà, òjìji sì wà nínú kòtò náà. Ó dà bí ipa ẹsẹ̀ àkùkọ lórí erùpẹ̀ tútù.

"Ọwọ́ Baba ni," Sàláwù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí wọ́n ṣe máa ń tẹ ìdí ọ̀rọ̀ rèé. Ọwọ́ wọn ni."

Asiata ti fẹ́ bẹ́ gìjà. Sàláwù na ọwọ́ dá a dúró, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ewé.

"Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ kẹ̀yìn sí mi. Ẹ kọ ọ́, kí n máa tọpa rẹ̀. Bí ó bá bá ohun tó wà níbí mu, màá gbà."

"Kí n kẹ̀yìn sí ọ bí ìyàwó tó ń bínú?"

"Ẹ kẹ̀yìn síbẹ̀, Ìyá Lukman."

Asiata kọjú sógiri. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. Láti ọjọ́ tó ti ń kọrin láyé, ẹ̀rù orin kò bà á rí. Ọjọ́ yìí ló bà á. Ó gbé e lẹ́nu díẹ̀díẹ̀:

"Ẹ bá mi wo Àáfà tó wá síbi ìkómọ,
Ó gbé búùtà dání, ó ní irun lòun bá wá..."

"Búùtà," Sàláwù ń fi ìka tọ ojú òfuurufú lókè ewé, kò jẹ́ kó kàn án. "Ó wà níbí. Irun... ó wà."

"Ó forí kanlẹ̀, ojú ẹ̀ ń bẹ lára ìkòkò..."

"Ẹ dúró!"

Asiata gé orin.

"Ẹ ti fo nǹkan kan. Ìlà kan wà láàárín méjèèjì."

"Kò sí nǹkan kan láàárín. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ní ehín."

"Ó wà, mo ń wò ó." Ó yí orí, Bíọ́lá bá a fi ọwọ́ ti tìmùtìmù kí oòrùn lè bọ́ síbẹ̀. Sàláwù ń tò ó lẹ́nu bí ọmọ kéwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Orí... orí ẹja... Orí ẹja ló kọ́kọ́ kí, kó tó kí baba ọmọ."

Asiata ṣíjú, ó la ẹnu. Nǹkan kan ń dìde bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn nínú rẹ̀: Baba lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nínà, tó ń tẹ orí ba fún ẹja tí kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ń yí gbiri nílẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

"Orí ẹja!" ó kígbe. Ó yí padà láìgbàṣẹ. "Ẹja ni! Baba máa ń tẹríba fún un! 'Ẹ kú ewu ọmọ o, Alájà ẹja!' Safiyat! Wọlé wá! Ṣé o rántí orí ẹja?"

Safiyat yọjú láti ìta tí wọ́n lé e lọ. "Orí ẹja wo? Yé è! Orí ẹja tí Baba máa ń kí! Ẹ wò ó, mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá!"

Asiata rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń mì lára rẹ̀. Láti bí ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́ta tó ti mu orin yẹn, kò mọ̀ pé ìlà kan ti sọ nù lọ́wọ́ òun. Baba ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bá a sọ̀rọ̀ ni.

"Ó yá, ẹ máa bọ̀," ni Sàláwù wí. Òun náà ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní oòrùn ni. "Ẹ padà sídìí ògiri."

Ó padà síbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti bọ́ sípò báyìí, ó ń jó mọ́ orin:

"Orí ẹja ló kọ́kọ́ kí, kó tó kí baba ọmọ.
Ó forí kanlẹ̀, ojú ẹ̀ ń bẹ lára ìkòkò,
Ó nàró, imú ẹ̀ ń tọ èéfín lọ.
Ó ṣe sálámà sí ọ̀tún, wéré ló ṣe é tán;
Ó ṣe sálámà sí òsì, níbi tí ìṣasùn wà,
Ọrùn ẹ̀ kọ̀, kò padà mọ́ títí dòní!"

"Ó wà," ni Sàláwù ń sọ ní ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ó wà. Ó wà." Ìka rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ewé, ó dúró. Ṣùgbọ́n ta ló lè dá Asiata dúró lórí eré? Orin ti gbé e, ó sì ń lọ:

"Ìyá tó mu orin yìí nígbà tó ń rọbí,
Ọmọ tó bí ti dé o, ẹ bù fún un kó..."

Ó fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀.

Bíọ́lá kò lè mú un mọ́ra. Ó sáré bọ́ síta, ó lọ rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Safiyat kó má bàa fẹ́ ewé lulẹ̀. Sàláwù ń wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti le ojú, ojú kò gbà.

"Ìyẹn ńkọ́?" ó bèèrè. "Ṣé Baba ló kọ ìyẹn náà? Baba tó ti kú kí ẹ tó lóyún Lukman?"

"Tèmi nìyẹn," Asiata sọ sára ògiri. "Ahọ́n mi ló ta. Má kọ ọ́, Sàláwù. Ti Baba ni kó o kọ. Jẹ́ kí ti Baba pé, ìyẹn ti tó mi."

Sàláwù wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó mú bébà tuntun, kálámù àti tàdáwà tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ewé funfun náà, ó ń wo ipa ọwọ́ baba rẹ̀, ó ń kọ ọ́, ìlà tẹ̀ lé ìlà, bí Baba ṣe tò ó. Bíọ́lá ti padà wọlé, ó ń ya ewé náà ní bèbè oòrùn. Lójú gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, àwọn kòtò tín-ín-rín ti ń hàn báyìí, Asiata sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ tí àgbàrá gbé lọ, tí wọ́n fà yọ láàyè.

Nígbà tí Sàláwù dé ìsàlẹ̀, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ti kálámù bọ inú tàdáwà.

"Kí lo tún ń kọ?" Asiata bèèrè. "Orin ti tán."

"Mo ń kọ ọ́ pé: èyí tó kù nísàlẹ̀ yìí, Asiata Àdìkẹ́, ọmọ Búsẹ̀rí, ló fi kún un." Ó ń kọ ọ́ lọ, kò gbójú sókè. "Ẹ tún un wí fún mi. Ìyá tó mu orin yìí..."

Asiata fi ìborùn bo ojú. Safiyat ló bá a wí i láti ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ya ewé tuntun náà, kámẹ́rà ké, díìsì gbé e mì. Bíọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ dúdú rẹ̀. Ó bẹ Asiata pé kó ta tìmùtìmù yẹn fún òun, torí iṣẹ́ òun nílò irú rẹ̀ ní Ìlọrin. Asiata ní bí ó bá tún dárúkọ títà, òun máa fẹjọ́ rẹ̀ sun Tíṣà Jacob. Méjèèjì ló kó fún un.

Sàláwù kò dá ewé funfun náà padà sínú agolo bisikíìtì. Ó tú okùn àpò awọ, ó kì í bọ àárín àwọn yòókù, níbi tí àyè rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì so okùn. Ewé tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà lórí itan rẹ̀, tó ń gbẹ. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó.

"Obìnrin ni Baba pín gbogbo rẹ̀ fún," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé àpò yìí, n kò ní ọ̀kan tí mo lè gbé lé itan."

Asiata wò ó. Ọmọ kékeré tí òun pọ̀n sẹ́yìn rí nìyí, láwàní lórí, irùngbọ̀n funfun.

"Èyí tó wà lórí itan rẹ yẹn ńkọ́?" ó wí. "Ìwọ lo kọ ọ́. Bí Móólúdì bá dé, èmi àti ẹ la jọ máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi iyọ̀ sí i, màá bá ọ jà."

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí bàtà fi ń wọ́lẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lukman ló ti ṣọ́ọ̀bù dé, irin iṣẹ́ ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Kò wo kámẹ́rà, kò wo àlejò. Imú rẹ̀ ń tọ ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí ìyàwó Sàláwù ti ń dín nǹkan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹja ni mò ń gbóòórùn yẹn?"

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Àáfà Sàláwù, tí ẹnì kankan ò gbọ́ kó kọ wákà rí, ti gbé ewé rẹ̀ sókè lórí itan. Ohùn rẹ̀ ha díẹ̀, ó sì lọ sísàlẹ̀ ju ti obìnrin lọ, àfi bíi ti Baba.

"Orí ẹja ló kọ́kọ́ kí..."

Asiata ti dìde, ó ti ń jó, ó bá a gbè é.